Iná Ọjọ́bọ̀

Yaw Amoateng ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ní Màgásínì, ní Súàmé, nílùú Kumasi.

Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó kéré jù kò sí mọ́. Irin yíyọ́ ló mú un lọ ní ọdún kẹta tó dé ìdí iṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èédú ló máa ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá da èédú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá bi onítọ̀hún bóyá bàbá rẹ̀ ló gbin igi tí wọ́n fi sun ún.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì ni inú ti ń bí i, ìbínú náà kò sì ní ariwo. Ó dà bí ooru inú ògiri ìléru. Ojú kì í rí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa mọ̀.

Orí ìléru tó fi ń yọ́ irin gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kyeremeh, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ló mọ ọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ kì í jogún bàbá. Ọmọ tí arábìnrin ẹni bí ló ń jogún ẹni. Nígbà tí Kyeremeh kú, Yaw ló gba ìléru, àti ẹwìrì, àti àpótí iyẹ̀pẹ̀ mẹ́rìnlá, àti òfin tó bá wọn rìn. Lọ́jọ́ tí Yaw náà bá kú, ọmọ Birago, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni yóò gbà á. Kì í ṣe ohun tí Yaw lè dá fọ́.

Ògiri ìléru náà nípọn láti ìgùnpá èèyàn dé ọrùn ọwọ́. Amọ̀ ni, tí wọ́n fi èèpo ìrẹsì pò. Ògiri tó nípọn báyẹn a máa pẹ́ kó tó gbóná. Bó bá sì gbóná tán, a máa pẹ́ kó tó tutù. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, tí kò mọ èkejì, kò mọ nǹkan kan nípa ìléru náà.

Nígbà ayé Kyeremeh, ẹnu ìléru máa ń wà ní ṣíṣí. Ọwọ́ iná á máa lọ sókè. Yaw wò ó fún ọdún méjì, ó ní ojú ọ̀run kò ra ìkòkò lọ́wọ́ àwọn rí. Ó po amọ̀ mọ́ eérú, ó fi wáyà inú táyà jíjó ṣe egungun rẹ̀, ó mọ ìdérí kan tí ihò àárín rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Láti ọjọ́ náà, àlòkù irin tí wọ́n fẹ́ yọ́, písítìnì, férémù fèrèsé, ìkòkò tó ti lu, orí ìdérí yẹn ni wọ́n ń tò ó sí kó tó wọ iná. Á gbẹ, á gbóná, kò ní gbé omi wọ inú irin yíyọ́ kó wá bú mọ́ èèyàn lójú. Èédú ìyọ́ kan lọ sílẹ̀ láti agolo méje sí mẹ́rin.

Agolo náà ni irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń wọn gaàrí. Yaw a máa fọ́ èédú sí ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́, á kún agolo, á fi igi gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Kò mọ̀wé. Ó mọ agolo.

Kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ó ní ọ̀pá oparun. Á ti orí rẹ̀ bọ inú irin. Bó bá rú èéfín díẹ̀ tí kò gbiná, ó tó. Bó bá gbiná, ó ti pọ̀ jù, èédú ti ṣòfò, ìkòkò tó bá sì jáde á ní ihò wínníwínní tí ọbẹ̀ á máa gbà jò. Ẹni tó bá yọ́ irin tirẹ̀ tán gbọ́dọ̀ fi ìgbakọ kan sílẹ̀ nídìí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ irin fún ẹni tó kàn, nítorí èyí tó ti yọ́ ló ń fa èyí tó le. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹni máa da irin sí gbọ́dọ̀ ti wà ní títẹ̀ sínú àpótí kó tó sún mọ́ ibẹ̀. Iná kì í dúró de iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, Yaw á ní kó lọ gbé ẹní wá, kó jókòó máa yáná.

Èèyàn márùn-ún ló ń lo ìléru kan yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kan kò lè tẹ iyẹ̀pẹ̀ lóòjọ́ ju èyí tí ìyọ́ kan máa kún lọ. Kyeremeh ló ṣètò wọn, ó sì ṣètò wọn bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé ni Kwadwo. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kwabena, ti Ọjọ́rú ni Kwaku, ti Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, ti ọjọ́ Ẹtì ni Kofi. Ọ̀kan ọ̀kan ni wọ́n. Kyeremeh a máa dá ọmọ iṣẹ́ padà sílé bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti ní ẹni. Á ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ kó tún un bí.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni wàá dá iná. Ìwọ lo máa mú agolo mẹ́fà wá fún ògiri, kó o tó mú mẹ́rin wá fún irin tìrẹ. Mẹ́wàá. Àwọn mẹ́rin tó kù á bá ògiri tó ti gbóná, oníkálukú á mú mẹ́rin péré. Lọ́la, ó kan ẹlòmíì. Bí ọ̀sẹ̀ bá fi máa parí, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Agolo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóòjọ́ fún èèyàn márùn-ún. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ìjà kò ṣẹlẹ̀.

Nínú wọn, Kwabena Sefa ló sún mọ́ Yaw jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó dé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbakọ mú. Ọdún méje ló fi jẹun nínú abọ́ ìyàwó Yaw. Yaw ló bá a tọrọ ìyàwó. Ọ̀gá ló ń pè é títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì kan rán Ekow Quansah wá láti Accra. Ọ̀dọ́mọkùnrin Fante ni, ó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn fẹ́ kí èédú tí àwọn adàkòkò ń jó dínkù, nítorí igbó ń tán. Yaw dúró gbọ́ ọ dópin. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa rí akọ̀wé tó gbé ọ̀rọ̀ gidi wá sí Màgásínì, ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún un.

Ekow ṣàlàyé. Ọ́fíìsì máa fún adàkòkò kọ̀ọ̀kan ní ìléru kékeré, oníbíríkì tín-ín-rín, lọ́fẹ̀ẹ́. Agolo mẹ́ta ló jó nígbà tí wọ́n dán an wò ní Accra. Ṣùgbọ́n òun máa kọ́kọ́ wọn èédú tí oníkálukú ń jó báyìí.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá.

Ó gbé agolo Yaw lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Kílò méjì ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bíi pé agolo yìí ló yẹ kí àwọn fi wọn òṣùwọ̀n. Yaw fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da èédú sí ìléru, Ekow sì ń kà á. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó gbójú sókè.

"Òní ni ọjọ́ mi," Yaw wí fún un. "Mẹ́fà nínú rẹ̀, ti ògiri ni. Gbogbo wa la máa jọ lò ó."

"Ọjọ́ tèmi náà ni, Ọpanyin," ni Ekow fèsì bí wọ́n ṣe ń pe àgbà, tó ń kọ̀wé lọ. Lóòótọ́, Ekow ni àwọn Fante ń pe ọkùnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ògiri?"

"Mo gbọ́, bàbá. Ìwé yìí ò láyè fún ògiri. Orúkọ èèyàn, ìwọ̀n irin, ìwọ̀n èédú. Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn."

Yaw ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó padà wá lọ́la kó wá wọn Kofi. Kó tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó wọn Kwabena. Ekow ní ọjọ́ kan ni wọ́n fún òun fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́la, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ìdè ilẹ̀kùn ni òun máa wà. Lẹ́yìn Yaw ni Kwabena yọ́ irin tirẹ̀. Ìwọ̀n irin kan náà. Agolo mẹ́rin. Ekow kọ ọ́ sílẹ̀. Kwabena rí i tó ń kọ ọ́. Ó wo Yaw, ó tún wo ilẹ̀.

Yaw kò tíì bínú lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó lè wọn agolo kan lẹ́ẹ̀mẹta, á ro ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ adàkòkò pe ìpàdé lábẹ́ páànù wọn. Ekow lẹ ìwé méjì mọ́ òpó. Ọ̀kan ní àmì aláwọ̀ ewé, èkejì ní àmì pupa. Ó ní ìléru kan náà ni, irin kan náà, ìdérí kan náà, ọjọ́ kan náà, síbẹ̀ èèyàn kan jó mẹ́rin, èkejì jó mẹ́wàá. Ó ní èyí fi hàn pé ọwọ́ ló ń ṣòfò, kì í ṣe iná. Ó pe Kwabena Sefa síwájú. Wọ́n fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n kọ Olùkọ́ Iná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ni yóò máa kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èédú lò.

Orúkọ tó wà lórí ìwé pupa ni ti Yaw.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ẹnì kan sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kwadwo mọ̀ ọ́n, Kwaku mọ̀ ọ́n, Kofi mọ̀ ọ́n. Kwabena mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó bá dá iná ló ń jó mẹ́wàá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jó mẹ́wàá rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wọ́n jókòó. Ìléru ọ̀fẹ́ wà níta nínú ọkọ̀, wọ́n ti rí i. Kwabena nawọ́, ó gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ Ekow lọ́wọ́.

Yaw dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Alága ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àlejò parí. Ọkùnrin kan láti ìlà àwọn alátùn-únṣe rédíétọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ajógbórun, ẹ ṣáà fi igi kan sílẹ̀ fún pósí yín." Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó ń ta kẹ́nkè, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ti fi kí i.

Ọ́fíìsì ní àṣẹ kan. Ẹni tó bá gba ìléru tuntun, ògbólógbòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ di fífọ́, kí wọ́n sì ya fọ́tò àfọ́kù rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé wá bá Yaw kó tẹ̀ka. Ó wo ìwé náà. Ó bi wọ́n bóyá ọ́fíìsì mọ Kyeremeh. Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé wọ́n mọ ìyá tó bí Kyeremeh. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n lọ mú ìka ìyá náà wá kó wá tẹ̀ ẹ́, torí òun ló ni ilé tó ni ìléru. Ó dá ìwé padà fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Kwabena wá bá a nídìí àpótí iyẹ̀pẹ̀. Kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà wá. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbà á. Ọ̀fẹ́ ni."

Yaw ń tẹ iyẹ̀pẹ̀ lọ. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Agolo mélòó lo máa ń jó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Mẹ́wàá," ni Kwabena wí.

"O sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí, Ọ̀gá."

Yaw fi ọwọ́ gé iyẹ̀pẹ̀ dọ́gba lẹ́nu àpótí. Ó gé e jìn jù, ó sì ba ẹnu iyẹ̀pẹ̀ náà jẹ́. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó ní nígbà tí ibà fẹ́ pa Kwabena lọ́dún kejì tó dé, òun ló gbé e lọ sí ọsibítù léjìká láti Súàmé, ẹnikẹ́ni kò bi òun níbẹ̀ pé kí ló gbé e wá fún; òun ló ṣáà la ẹnu. Ó ní kó máa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìbínú yìí ti wà.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ìléru tuntun. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ páànù, wọ́n dán, wọ́n kéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àgbá epo. Ìléru Yaw dá dúró ní ìkángun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí nìyí: ìwé ní Yaw ń jó agolo mẹ́wàá fún ìyọ́ kan, irọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹlòmíì tó máa bá a lo ooru ògiri mọ́, irọ́ náà di òótọ́. Lójoojúmọ́ ló ń mú mẹ́fà wá fún ògiri. Lójoojúmọ́ ni ọjọ́ rẹ̀ ń kàn án. Ó ti di Ọjọ́bọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Bó bá yọ́ irin tán, ògiri á ṣì gbóná títí oòrùn á fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń yọ́ nǹkan níbẹ̀. Yaw á jókòó tì í, á máa wò ó. Ooru agolo mẹ́fà ń lọ sí ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbé. Obìnrin tó ń ta kẹ́nkè ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé ìkòkò ẹ̀wà lé ìdérí. Ó jẹ́ kó gbé e lé e. Ó bínú sí i, ó bínú sí ẹ̀wà náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó gbé e. Ó ní kí ẹ̀wà jinná sàn ju kí òfúrufú jinná. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìkòkò obìnrin mẹ́rin ló ń wà lórí ìdérí náà lọ́sọ̀ọ̀sán, tí ọkùnrin márùn-ún ti ń to irin sí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á béèrè lọ́wọ́ Ajógbórun bóyá ó ti di olóúnjẹ.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó gba ìléru tuntun, kí ara tù wọ́n nílé. Yaw ní bí òun bá gbà á, òun ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Fùfú wà níwájú rẹ̀, ó gé òkèlè mẹ́ta, ó dìde.

Birago ló sọ ohun tí ẹnì kankan kò kà. Birago ló ń ta èédú fún gbogbo ìlà náà. Obìnrin tó sanra ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín, agolo kan náà bíi ti Yaw ló ń lò, torí Yaw ló fún un. Ó wá jókòó tì í lórí àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè purọ́ fún yín. Èédú ń tà."

"Ó ń tà báwo?"

"Agolo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mò ń tà fún ẹ̀yin márààrún lóòjọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn nìkan ń rà á báyìí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n géérégé. Kí n tó wá fi mẹ́wàá tiyín kún un."

Yaw ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ra mẹ́fà àbọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìléru náà ń jó mẹ́ta lóòótọ́ bó bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n ó tutù láràárọ̀, mẹ́ta àbọ̀ ni oníkálukú sì fi ń mú tirẹ̀ gbóná. Ó dájú pé wọ́n ti mú un gbóná ní Accra kí wọ́n tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, bó o bá kúrò lọ jẹ kẹ́nkè, kó o tó dé, ó ti tutù. Wọn ò lè gbé ooru rẹ̀ fún ara wọn. Birago ní ìléru anìkanjẹun ni.

"Bí wọ́n bá tún gba igbó là báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "màá kọ́lé."

Ó rẹ́rìn-ín. Yaw kò rẹ́rìn-ín. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti di mẹ́rìndínlógójì. Ìkòkò tó ń jáde láti ìlà náà kò fi ẹyọ kan lé sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ní Ọjọ́rú, Ekow padà wá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Accra ti bi í léèrè ìdí tí èédú tó ń wọ ìlà yìí fi pọ̀ sí i. Ó pe gbogbo wọn jọ lábẹ́ páànù. Kwadwo, Kwaku àti Kofi dúró. Kwabena jókòó níwájú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, iná ti jó apá rẹ̀ kan. Birago jókòó lórí àpò èédú. Yaw jókòó lórí àpótí iyẹ̀pẹ̀ tó da ojú rẹ̀ délẹ̀, kò sún mọ́ wọn.

Ekow yíjú sí Olùkọ́ Iná, ó ní kó ṣàlàyé. Kwabena ní bóyá èédú tó ń dé lákòókò yìí kò dára. Birago ní kó wò ó dáadáa kó tó ba ọjà òun jẹ́. Ó ní èédú kan náà ni, láti abúlé kan náà. Ó wá ka agolo rẹ̀ fún Ekow, ti àtẹ̀yìnwá àti ti ìsinsìnyí. Ekow kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ rò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un rò. Ìròyìn kan ò bá èkejì mu. Bí Ọpanyin Yaw bá ń jó mẹ́wàá, tí àwọn mẹ́rin sì ń jó mẹ́rin mẹ́rin, àwọn mẹ́rin yẹn dára tẹ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà báyìí lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ wọn?

Ekow tún ọ̀rọ̀ náà béèrè. Ojú Kwabena lọ sọ́dọ̀ Yaw. Yaw ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Yaw fi gbé ìwò yẹn pamọ́, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kwabena bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ká a sórí itan.

"Ọjọ́bọ̀ lẹ wá," ó ní. "Ọjọ́ ọ̀gá mi ni. Òun ló dá iná fún gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ wá ni, èmi lẹ̀ bá kọ sí pupa."

Ekow yíjú padà. Ó wo ìléru ńlá náà ní ìkángun, ìkòkò ẹ̀wà ń hó lórí rẹ̀. Ó bi Kwabena pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà náà.

"Ẹ ò bi mí."

"Èmi sọ ọ́ fún ọ," Yaw wí láti ibi tó jókòó. "Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀. O ní ìwé kò láyè."

Ekow dìde, ó tẹrí ba fún un bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún àgbà. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun máa kọ ìwé mìíràn sí Accra, òun máa wọn ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ní ọ́fíìsì máa fẹ́ ya fọ́tò ìléru náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kí wọ́n lè fi han àwọn ìlú mìíràn. Àṣẹ fífọ́ kò sí mọ́. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì lórí itan Kwabena, ó gbé e wá bá Yaw pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Alátùn-únṣe rédíétọ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ ti dé ẹ̀yìn, ó sì ń rọra yọ́ lọ.

Yaw wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wo ibi tí iná ti jó o.

"Èèyàn tó bá ń jó ṣẹ́ẹ̀tì lẹ ní kó máa kọ́ wa ní iná," ó ní. "Gbé e kúrò lójú mi."

Ekow gbé e kúrò.

"Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Màá dá iná. Màá mú agolo mẹ́wàá wá bí mo ṣe máa ń mú un wá. Ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá ti wà ní títẹ̀, kó wá. Ẹni tí kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, iná ò dúró."

Kwadwo ní àwọn máa wá. Kofi ní ó ti yẹ kí àwọn wá tipẹ́. Yaw kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Kwabena gbórí sókè, ó rọra béèrè bóyá òun náà lè wá.

"Ìwọ? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí ẹ. Dúró dè é. Ìwọ lo máa dá iná lọ́jọ́ náà. Agolo mẹ́fà ti ògiri ni kó o kọ́kọ́ dà sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa kà á." Ó yíjú sí Ekow. "Kí ìwọ náà gbé òṣùwọ̀n rẹ wá."

Ó ní kí Birago sọ fún àwọn obìnrin pé kí ẹ̀wà wọn kúrò lórí ìdérí òun kó tó di àárọ̀. Ó dìde lórí àpótí, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ.